Bí A Ṣe Ń Wọ Ilé Oòrùn: Ìtọ́sọ́nà Fún Rírìn Nínú Haleakalā

Ọ̀pọ̀ òkè ni èèyàn ń kọ́kọ́ gùn kó tó sọ̀. Haleakalā, tó túmọ̀ sí Ilé Oòrùn, ní erékùṣù Maui ní Hawaii, kò rí bẹ́ẹ̀. Mọ́tò ló máa gbé yín dé orí rẹ̀, ẹsẹ̀ yín ló máa gbé yín sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò ńlá tó wà láàárín rẹ̀, ìgbà tó bá sì ti rẹ̀ yín ni òkè gígùn á ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Orí ọ̀rọ̀ kan yìí ni gbogbo ìmọ̀ràn mi dúró lé: agbára tí ẹ máa fi jáde ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣírò, kí ẹ tó ro ti èyí tí ẹ máa fi wọlé.

Òkè náà ga ní ẹsẹ̀ bàtà 10,023, ìyẹn mítà 3,055. Òun nìkan ló gba bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ilẹ̀ Maui. Òkè ayọnáyèéfín ni, kò sì tíì kú. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ gbà pé láàárín ọdún 1480 sí 1600 ló bú kẹ́yìn. Kòtò inú rẹ̀ gùn tó máìlì méje, ó fẹ̀ tó méjì, ó sì jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 2,600. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé iná ló fọ́ orí òkè náà, tí ihò fi wà níbẹ̀. Omi òjò ló gbẹ́ ẹ. Àfonífojì méjì, ọ̀kan láti àríwá, ọ̀kan láti gúúsù, ni omi ń gbẹ́ wọlé díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi pàdé láàárín òkè. Lẹ́yìn náà ni iná tún bú nínú kòtò yẹn, tó kó eérú àti òkúta wẹ́wẹ́ jọ di àwọn òkè kéékèèké tí ẹ máa gba àárín wọn kọjá.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ ilé tí ẹ ń wọ̀

Ẹ má fo apá yìí. Ẹni tí kò mọ ìtàn ibẹ̀ á kàn rí eérú àti òkúta ni.

Hina, ìyá Māui, akọni inú ìtàn ìbílẹ̀ Hawaii, ló ń ṣe aṣọ kapa. Èèpo igi wauke ni wọ́n máa ń rẹ sómi, tí wọ́n á lù títí á fi fẹ̀ tí á sì rọ̀, kí wọ́n tó sá a. Ṣùgbọ́n oòrùn ayé ìgbà náà kì í dúró. Eré ló ń sá kọjá lójú ọ̀run, kapa kò sì ní gbẹ tí ilẹ̀ á fi ṣú. Èyí ló bí Māui nínú. Bí wọ́n ṣe ń pìtàn náà kò dọ́gba láti ìdílé kan dé èkejì, àmọ́ nínú èyí tí mo fẹ́ràn jù, Hina rán ọmọ rẹ̀ lọ bá ìyá àgbà kan tí ojú rẹ̀ ti fọ́, tó jẹ́ ìyá ìyá rẹ̀. Ìyá yìí ló ń se ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún oòrùn láràárọ̀ lábẹ́ igi wiliwili kan ní ẹ̀bá òkè náà. Māui jí ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Ìyá àgbà fọwọ́ tá ilẹ̀, kò bá a. Ó se òmíràn, ìyẹn náà pòórá. Níkẹyìn ó bẹ̀rẹ̀ sí í fimú gbóòórùn yíká títí ó fi mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ òun ló wà níwájú òun. Ó fún un ní okùn kan kún àwọn tó ti mú wá, ó sì fún un ní àáké òkúta. Māui lúgọ sábẹ́ gbòǹgbò igi. Bí oòrùn ṣe ń yọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan sókè ẹnu kòtò ló ń ta kókó mọ́ ọn, títí gbogbo rẹ̀ fi há. Ó wá fi àáké bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú. Oòrùn bẹ̀bẹ̀. Wọ́n jọ ṣàdéhùn pé á máa rìn jẹ́jẹ́ ní apá kan ọdún, á sì máa yára ní apá kejì. Láti ìgbà náà ni ọjọ́ ti ń gùn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn tó sì ń kúrú nígbà òtútù.

Ìtàn kejì ni ti Pele, obìnrin tó ni iná. Nāmakaokahaʻi, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ni òkun, ló ń lé e kiri. Pele gbẹ́ ojú iná sí Kauaʻi, omi pa á. Ó lọ sí Oʻahu, ó lọ sí Molokaʻi, omi ń bá a níbẹ̀. Ó dé Haleakalā, ó dáná ńlá. Ní ẹ̀bá Hāna ni àwọn méjèèjì ti wọ̀jà, tí ẹ̀gbọ́n pa àbúrò; egungun rẹ̀ ni òkè kékeré tí wọ́n ń pè ní Ka Iwi o Pele títí dòní. Ẹ̀mí rẹ̀ kọjá sí Kīlauea ní erékùṣù ńlá Hawaiʻi, ibẹ̀ ló sì ń gbé. Ohun tó wú mi lórí jù ni pé bí Pele ṣe to àwọn erékùṣù náà gẹ́lẹ́ ni ọjọ́ orí wọn tò. Kauaʻi ló dàgbà jù láàárín wọn, Hawaiʻi ló kéré jù lọ́jọ́ orí. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ sọ pé ojú kan náà ni orísun iná wà ní ìsàlẹ̀ òkun, ilẹ̀ orí rẹ̀ ló ń sún lọ sí àríwá ìwọ̀-oòrùn lọ́dọọdún. Àwọn baba ńlá Hawaii kò ní ẹ̀rọ kankan, síbẹ̀ wọ́n ti to ọ̀rọ̀ náà bó ṣe yẹ.

Wao akua, ilẹ̀ àwọn ẹlẹ́mìí, ni àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ń pe orí òkè yìí. Àwọn ìdílé kan máa ń gbé ìwọ́ ọmọ tuntun wá fi pamọ́ sínú kòtò náà, kí ọmọ lè so mọ́ ilẹ̀ baba rẹ̀. Ẹni tó mọ bí a ṣe ń ri ìwọ́ mọ́lẹ̀ nílé wa kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí. Ìdí nìyí tí àwọn ọmọ ìbílẹ̀ fi jáde lọ́dún 2015 láti tako awò ńlá tí wọ́n fi ń wo oòrùn tí wọ́n ń kọ́ sórí òkè náà. Wọ́n ti kọ́ ọ tán báyìí, ẹ ó rí i, ṣùgbọ́n ìbànújẹ́ náà kò tíì tán nínú àwọn onílẹ̀.

Nítorí náà: ẹ má ṣa òkúta kankan, kódà èyí tó kéré bí èékánná; òfin ìjọba àpapọ̀ náà kọ̀ ọ́. Ẹ má to òkúta lérí ara wọn. Ẹ má fi dúróònù ya fọ́tò. Bí ẹ bá bá ẹni tó ń kọ orin àdúrà ìbílẹ̀ lẹ́nu kòtò, ẹ dúró, ẹ dákẹ́, ẹ má gbé fóònù sókè.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mú ọjọ́, ẹ san owó

Wíwo oòrùn nígbà tó bá ń là ni ọ̀pọ̀ ń bá lọ síbẹ̀. Láti ọdún 2017, mọ́tò tó bá fẹ́ wọlé láàárín aago mẹ́ta òru sí aago méje àárọ̀ gbọ́dọ̀ ti gba àyè sílẹ̀ lórí recreation.gov. Dọ́là kan ni, yàtọ̀ sí owó ìwọlé. Ọgọ́ta ọjọ́ ṣáájú ni wọ́n ń ṣí i, wọ́n sì máa ń fi ìyókù síta ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Aago méje àárọ̀ Hawaii ni, èyí tó jẹ́ aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ní Èkó. Ní New York, aago méjìlá ọ̀sán ni nígbà òtútù, aago kan ọ̀sán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ jókòó ti fóònù yín kó tó lù, nítorí kì í pẹ́ tán.

Èrò tèmi ni pé kí ẹni tó fẹ́ rin inú kòtò já fi wíwo ìlà oòrùn sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ẹni tó jí ní aago méjì òru, tó gbọ̀n nínú òtútù fún wákàtí méjì, ti ná ìdá kan nínú agbára tó yẹ kó fi jáde. Ẹ dé ẹnu ọ̀nà lẹ́yìn aago méje. Kò sí ìwé kankan tí ẹ máa gbà ṣáájú, ojú ọ̀run sì sábà máa ń mọ́ ní àárọ̀ kí ìkúukùu tó gòkè. Bó bá jẹ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ rí oòrùn níbẹ̀, ẹ lọ wo wíwọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn. Wọn kì í béèrè ìwé fún ìyẹn.

Owó ìwọlé jẹ́ 30 dọ́là fún mọ́tò kan, ọjọ́ mẹ́ta ló sì máa lò. Káàdì ni wọ́n ń gbà, wọn kì í gba owó ọwọ́. Ẹ tún ṣọ́ra fún máàpù fóònù: ọgbà náà ní apá kejì ní etí òkun tí wọ́n ń pè ní Kīpahulu. Kò sí ọ̀nà mọ́tò tó so ó mọ́ orí òkè. Orí òkè, ìyẹn Summit, ni kí ẹ tẹ̀ síbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹrù àti ara

Ọyẹ́ tó le jù nílé wa kò mú tó òtútù orí Haleakalā kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìgbà kan wà tó máa ń wọ ìsàlẹ̀ òdo tí atẹ́gùn bá fẹ́, nígbà tí àwọn tó wà létí òkun ń wẹ̀ nínú omi lọ́wọ́ọ́rọ́. Bí oòrùn bá sì ti là, kò sí igi kan tó máa ṣíji bò yín. Ẹ wọ aṣọ ní ìpele ìpele: èyí tó fẹ́lẹ́ nísàlẹ̀, súwẹ́tà lé e, jákẹ́ẹ̀tì tí òjò kò lè wọ̀ lókè. Fìlà, ìbọ̀wọ́, ìpara fún oòrùn, awò dúdú. Tọ́ọ̀ṣì tuntun, bí ẹ tilẹ̀ rò pé ẹ máa jáde kí ilẹ̀ tó ṣú. Bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀, nítorí òkúta wẹ́wẹ́ ibẹ̀ mú bí abẹ, á sì wọ inú bàtà pẹlẹbẹ ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta.

Omi lítà mẹ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó kéré tán. Inú ọgbà náà kò ní ilé oúnjẹ, kò ní ilé epo. Pukalani ni ibi tó kẹ́yìn tí ẹ ti lè ra epo àti oúnjẹ lójú ọ̀nà. Ẹ máa jẹ oúnjẹ díẹ̀díẹ̀ lójú ọ̀nà dípò kí ẹ dúró jẹ ẹ̀ẹ̀kan ńlá.

Ọ̀rọ̀ èémí ni èyí tí àwọn èèyàn máa ń fojú kéré. Láti etí òkun ní Kahului dé orí òkè jẹ́ bíi máìlì 38, mọ́tò sì lè gùn ún láàárín wákàtí méjì. Ara kò ní àǹfààní láti mọ́ ọn lára. Atẹ́gùn tó máa wọ ẹ̀dọ̀fóró yín lókè kéré ju ti ìsàlẹ̀ lọ, orí lè máa fọ́ yín, inú lè máa ru, ìgbésẹ̀ díẹ̀ lè mú yín mí gúlegúle. Ẹ dúró díẹ̀ ní ilé àbẹ̀wò tó wà ní ẹsẹ̀ bàtà 7,000, ẹ mu omi, ẹ rìn yíká. Aláboyún, ẹni tó ní àìsàn ọkàn tàbí ti èémí, kí ó bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó gbéra. Bí orí fífọ́ bá ń le sí i tàbí tí èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, kò sí oògùn tó dára ju kí ẹ gbé e sọ̀ kalẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ibi tí mọ́tò máa dúró sí

Ọ̀nà méjì ló wọ inú kòtò. Keoneheʻeheʻe bẹ̀rẹ̀ lókè, ní ẹ̀gbẹ́ ilé àbẹ̀wò tó wà ní ẹsẹ̀ bàtà 9,740. Halemauʻu bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ díẹ̀, ní 7,990. Ẹ gba Keoneheʻeheʻe wọlé, kí ẹ gba Halemauʻu jáde. Ẹni tó bá gba Keoneheʻeheʻe padà máa gun ẹsẹ̀ bàtà 2,500 lórí yanrìn tó ń yọ̀ lẹ́sẹ̀. Ti Halemauʻu kò tó bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ le, ọ̀nà rẹ̀ sì ń yí wá yí lọ lára ògiri òkè.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ibi tí ẹ ti wọlé kọ́ ni ẹ máa jáde sí. Ẹ gbé mọ́tò sí Halemauʻu láàárọ̀. Ní òdìkejì títì, àwọn alámòójútó ọgbà ti ya àyè kan sọ́tọ̀ fún àwọn arìnrìn-àjò láti tọrọ kí onímọ́tò gbé wọn lọ sókè. Àwọn tó ń lọ sókè sábà máa ń dúró. Ẹ má ṣe é ní òdìkejì, kí ẹ wá máa wá ẹni tó máa gbé yín lálẹ́ nígbà tí àárẹ̀ ti mú yín tí mọ́tò ò sì kọjá mọ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ìrìn náà

Láti orí dé ẹnu ọ̀nà Halemauʻu jẹ́ máìlì 11.2, bíi kìlómítà 18. Ẹni tí ara rẹ̀ le á lo wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ṣáájú aago mẹ́sàn-án.

Máìlì mẹ́rin àkọ́kọ́ ni ìsọ̀kalẹ̀, ó sì dùn púpọ̀, ìdùn yẹn ló ń tan èèyàn jẹ. Ẹsẹ̀ ń lọ fúnra rẹ̀. Pupa, dúdú, àwọ̀ ìpẹtà, àwọ̀ eérú, gbogbo wọn ni iná fi kun ilẹ̀ náà bí irin inú òkúta kọ̀ọ̀kan ṣe pọ̀ tó. Ẹ dúró lẹ́ẹ̀kan kí gbogbo yín dẹ́kun ìrìn. Kò sí ewé tó ń mì, kò sí kòkòrò tó ń ké. Ẹ ó gbọ́ ẹ̀jẹ̀ tó ń lù ní etí yín.

Fún ẹni tó bá fẹ́ padà sẹ́yìn lójú ọ̀nà yìí, òfin kan ṣoṣo ni: gígùn máa gba ìlọ́po méjì àkókò tí sísọ̀ gbà. Bí ẹ bá ní wákàtí mẹ́ta péré, ẹ yí padà lẹ́yìn wákàtí kan, ibi yòówù tí ẹ dé. Ibi tó dára láti yí padà ni òkè eérú tó ń jẹ́ Ka Luʻu o ka ʻŌʻō, máìlì méjì àbọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má lọ kọjá ibẹ̀ bí ẹ kò bá ní agbára láti rìn já.

Lójú ọ̀nà ni ẹ máa rí ewéko kan tó ń jẹ́ ʻāhinahina, irú ti ibí kò sì sí níbòmíràn láyé àfi lórí òkè yìí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó láti ojú ọ̀nà. Ewé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó tẹ̀ wọnú, irun funfun wẹ́wẹ́ bò ó pátá, èyí tó ń mú un dán bíi fàdákà; irun yẹn ló ń lé oòrùn tó sì ń gba ìrì dúró. Ó lè lo ọdún 90 láìyọ òdòdó. Lọ́jọ́ kan á yọ igi òdòdó sókè, ó lè ga ju èèyàn lọ, ọgọ́rọ̀ọ̀rún òdòdó aláwọ̀ àlùkò á bò ó, á so èso, á sì kú. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Nígbà ọdún 1920, díẹ̀ ló kù kí ewúrẹ́, màlúù àti àwọn èèyàn tó ń fà á tu mú un kúrò láyé. Gbòǹgbò rẹ̀ kò jìn, ó tàn kálẹ̀ lábẹ́ eérú ní gbogbo àyíká rẹ̀. Ẹni tó kúrò lójú ọ̀nà láti ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń tẹ gbòǹgbò yẹn fọ́ láìmọ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é.

Bí ẹ bá ti dé ìsàlẹ̀, ẹ tẹ̀lé àmì sí àríwá. Ẹ ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Halāliʻi, níbi tí àwọ̀ ilẹ̀ ti pọ̀ jù, àti Kawilinau, ihò tí wọ́n fi ọgbà yí ká, tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 65. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ á di dúdú, òkúta yíyọ́ tó ti gan, títí dé ilé onípákó Hōlua. Tábìlì wà níbẹ̀ níta, ẹ jókòó, ẹ jẹun dáadáa, ẹ yọ òkúta inú bàtà. Àwọn ẹyẹ nēnē, tí wọ́n jọ pẹ́pẹ́yẹ ńlá, lè wá bá yín. Wọ́n ti parẹ́ ní Maui kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Síkáòtù tó fi ẹ̀yìn pọn díẹ̀ wọnú kòtò yìí lọ́dún 1962. Ẹ má fún wọn ní oúnjẹ rárá; èyí tó bá mọ́ ọn lára láti tọrọ oúnjẹ á máa lọ sí ojú títì, ibẹ̀ ni mọ́tò ti ń pa wọ́n.

Láti Hōlua, máìlì 3.7 ló kù. Ẹ ó tún sọ̀ díẹ̀ la koríko kọjá kí ògiri tó bẹ̀rẹ̀. Ibí ni agbára tí ẹ fi pamọ́ ti máa wúlò. Ẹ yan ìgbésẹ̀ tí ẹ lè fi sọ̀rọ̀ láìmí hẹlẹ, ẹ má yí i padà. Ẹni tó lọ́ra jù nínú yín ni kó ṣáájú. Ìkúukùu sábà máa ń gba Koʻolau, àlàfo tó wà ní ìhà àríwá kòtò náà, wọlé lọ́sàn-án, ó lè bò yín mọ́lẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Ojú ọ̀nà hàn kedere níbẹ̀, ẹ wọ jákẹ́ẹ̀tì, ẹ má gé ìgun ọ̀nà kúrú. Bí oòrùn bá wà lẹ́yìn yín tí ìkúukùu sì wà nísàlẹ̀, ẹ wò ó dáadáa: òjìji yín lè hàn lórí rẹ̀ pẹ̀lú òṣùmàrè yípo.

Àwọn tí ara wọn kò gbé e, tàbí tí wọ́n mú ọmọdé dání, ní ohun tí wọ́n lè ṣe. Láti Halemauʻu dé etí kòtò jẹ́ máìlì kan lé díẹ̀, ẹ ó sì rí gbogbo inú rẹ̀ láìsọ̀. Hosmer Grove, nítòsí ẹnu ọ̀nà, ní ọ̀nà kékeré nínú igbó tí àwọn ẹyẹ olóhùn dídùn pọ̀ sí.

Ẹni tó fẹ́ sùn nínú kòtò lè yá ọ̀kan nínú ilé onípákó mẹ́ta, Hōlua, Kapalaoa tàbí Palikū, tí wọ́n kọ́ lọ́dún 1937. Oṣù mẹ́fà ṣáájú ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á lórí recreation.gov. Kò sí iná mànàmáná. Ẹ gbọ́dọ̀ se omi ibẹ̀ tàbí kí ẹ fi oògùn sí i kí ẹ tó mu ún.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: sísọ̀ padà sílé

Ọ̀nà mọ́tò náà, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1935, ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ púpọ̀. Ẹ fi jíà kékeré sọ̀, ẹ má tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ ṣáá, ó máa ń gbóná títí á fi kọ̀ láti mú. Àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́, màlúù àti nēnē wà lójú ọ̀nà, pàápàá nínú ìkúukùu. Ẹni tí orun bá ń kùn lẹ́yìn wákàtí mẹ́jọ ìrìn, kó fún ẹlòmíràn ní kọ́kọ́rọ́.

Bí ẹ bá sì fẹ́ wẹ̀ lábẹ́ òkun pẹ̀lú agolo atẹ́gùn nígbà tí ẹ wà ní Maui, ẹ fi í sí ẹ̀yìn ọjọ́ òkè. Ẹni tó jáde nínú irú ìwẹ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró fún wákàtí 24, ó kéré tán, kó tó gun Haleakalā, nítorí atẹ́gùn tó ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀ omi lè hó nínú ara rẹ̀ lókè.